Bí áàpù tẹ́ ẹ ṣe fún ara yín ṣe lè di òwò tí odindi tíìmù ń sanwó fún

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan báyìí ni mo ṣí ímeèlì mi, mo bá ọ̀rọ̀ kan péré níbẹ̀ látọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń darí tíìmù ẹlẹ́ni mẹ́fà: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo niṣẹ́ wa wọlé sí?" Ọ̀kan nínú wọn ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Fúráìdè, ó sì ṣe bí ọmọlúàbí, ó wọnú áàpù mi tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ wọn sí, ó tẹ bọ́tìnnì tó ní "Pa àkáǹtì mi rẹ́" kó tó máa lọ. Iṣẹ́ 214 ló bá a lọ. Kì í ṣe tiẹ̀ nìkan o, títí kan èyí táwọn márùn-ún tó kù ṣì ń ṣe lọ́wọ́, torí pé òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n síbẹ̀. Kóòdù ò ṣẹ̀ rárá, ohun tí mo ní kó ṣe náà ló ṣe, nígbà tí mo kọ ọ́ èmi nìkan ni mò ń lò ó, ẹni tó bá tẹ nǹkan síbẹ̀ ló ni ín, tó bá ń lọ kó kó ẹrù ẹ̀ dání. Backup òru tó ṣáájú, ìyẹn ẹ̀dà dátà tí mo tọ́jú sọ́tọ̀, ló kó mi yọ.

Àtọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kéèyàn sọ áàpù ara ẹni di ti tíìmù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ká kàn fi bọ́tìnnì "Pe ẹlòmíì" kún un. Ìbéèrè kan ló wà nídìí gbogbo ẹ̀: ta ló ni ín? Nínú áàpù ara ẹni, ẹni tó ń lò ó, ẹni tó ni ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó ń sanwó, ẹnì kan náà ni. Tó bá ti di ti tíìmù, wọ́n ti di mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin sì tún wà lẹ́yìn wọn tí kò ní fọwọ́ kan áàpù náà láéláé àmọ́ tó lè ní kí wọ́n má lò ó. Bí mo ṣe ń bá ìbéèrè yẹn yí láti ibi dátábéèsì (ibi tí áàpù ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ sí) títí dé ibi owó ni mo fẹ́ kọ síbí, bí mo bá tún un ṣe lónìí, báyìí ni màá ṣe tò ó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wò ó ná bóyá wọ́n ti ń jọ lò ó lẹ́yìn yín

Ẹ má tíì kọ kóòdù kankan. Áàpù tó máa di ti tíìmù, àwọn èèyàn á ti máa fipá lò ó bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà fún wọn. Àmì ẹ̀ ò fara sin: àkáǹtì kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà mẹ́rin ń wọ̀ láàárín wákàtí kan, wọ́n ti ń pín páásíwọọ̀dù nìyẹn. Ẹnì kan ń gba CSV, fáìlì tó ṣeé ṣí bíi tébù, jáde ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, ó ń lọ fi han ọ̀gá ẹ̀ ni. Ẹlòmíì ń kọ orúkọ èèyàn síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí pé ẹ ò fún un ní ibi tó yẹ kó kọ ọ́ sí.

Ọ̀nà tó yá jù láti rí wọn ni pé kẹ́ ẹ kó àwọn tó ń lo áàpù yín jọ gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà lẹ́yìn @ nínú ímeèlì wọn, ẹ yọ gmail.com, yahoo.com, outlook.com àtàwọn ẹgbẹ́ wọn kúrò, kẹ́ ẹ wá wo ibi tẹ́ni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣí i láàárín 30 ọjọ́. Mọ́kànlá ni tèmi. Mo kọ̀wé sí gbogbo wọn, méje dáhùn, mo sì jókòó tì wọ́n lórí fídíò níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ máa fẹ́ kí áàpù wa máa ṣe lágbájá", gbogbo èèyàn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu ò gbowó. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé "ìgbà tẹ́ ẹ gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì gbẹ̀yìn, ẹ ṣe é kí n rí i." Arábìnrin kan ṣí áàpù mi, ó ya screenshot, ó fi pupa yí iṣẹ́ mẹ́ta ká, ó jù ú sínú gúrúùpù wọn, ó kọ sábẹ́ ẹ̀ pé "àwọn tó pupa yẹn, tiyín ni." Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ti ń múra láti kọ́ ibi ìtàkùrọ̀sọ àti kàlẹ́ńdà fún tíìmù o, àṣé orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ Slack, áàpù ìtàkùrọ̀sọ tíìmù, ni wọ́n sábà máa ń mú wá tí wọ́n bá ń sọ irú nǹkan báyìí, pé ohun èlò abẹ́lé àwọn tó ń ṣe géèmù Glitch ni, tí wọ́n ti géèmù náà pa ní 2012, tí wọ́n wá ṣí ohun èlò yẹn fún gbogbo ayé ní February 2014. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni Basecamp, áàpù tí wọ́n fi ń darí iṣẹ́, ṣe jáde ní 2004 láti ọwọ́ àwọn tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bù fún oníbàárà. Àmọ́ inú tíìmù ni wọ́n bí àwọn yẹn sí. Ẹni tó jọ wá ni Dropbox, fáìlì ẹnì kan lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ó di 2011 kí ti tíìmù tó jáde, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe jẹ́ pé wọ́n ti ń pín fáìlì látilẹ̀. Nǹkan tó ń gba ọdún ni.

Kí n sì sọ èyí kí n tó kúrò níbẹ̀: àwọn áàpù kan wà tí kò yẹ ká sọ di ti tíìmù rárá. Tó bá jẹ́ ibi tí èèyàn ń kọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ sí ni, tàbí ibi tó ti ń ka bó ṣe sùn sí, bọ́jú ẹlòmíì bá ti débẹ̀ báyìí, wọn ò ní kọ òótọ́ síbẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gba nǹkan kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ gbé e sínú yàrá

Ibí lọ̀rọ̀ wà gan-an, màá sì pẹ́ níbẹ̀. Nínú dátábéèsì áàpù ara ẹni, gbogbo tébù ló ní user_id, nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí èèyàn kan, ibẹ̀ náà ló parí sí. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ dá tébù tuntun méjì sílẹ̀. Ọ̀kan fún yàrá, ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní workspace nìyẹn, yàrá lèmi ń pè é. Ìkejì fún ìjókòó: ta ló wà nínú yàrá wo, kí ló sì lágbára láti ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ o, àkọsílẹ̀ o, fáìlì o, yàrá ló ni gbogbo wọn. Èèyàn ò ní nǹkan kan mọ́, ìjókòó ló ní.

Ẹni tó ń dá lò ó ńkọ́? Ẹ fún un ní yàrá ẹlẹ́nì kan, kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ẹ má gbà kí nǹkan ara ẹni máa gba ọ̀nà kan kí ti tíìmù máa gba òmíì. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin torí pé ó dà bíi pé ó yá, gbogbo ohun tí mo bá kọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń kọ ọ́, tí mo bá tún ọ̀kan ṣe èkejì á bàjẹ́, nígbà tó yá mo tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo user_id àtijọ́ yẹn dáadáa, ẹ máa rí i pé nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe pa pọ̀. Ẹni tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́, àti ẹni tó ni ín. Ẹ pín in sí created_by, assigned_to àti workspace_id. Bí mo bá ti pín in bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ 214 yẹn ò ní ṣẹlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kó o láì da ilé rú nìyí, ẹ má fo èyíkéyìí. Ẹ kọ́kọ́ fi workspace_id kún tébù ní òfìfo. Ẹ dá yàrá kan fún olúkúlùkù. Ẹ jẹ́ kí ohun tuntun tó bá ń wọlé máa kọ ti àtijọ́ àti tuntun pọ̀. Ẹ wá máa kún àwọn ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 1,000 lẹ́ẹ̀kan, ní àkókò táwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ sí lórí ẹ̀. Ẹ kà á: iye èyí tó ṣì ṣófo gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, tó bá ku ẹyọ kan ẹ má lọ síwájú, ẹ wá a rí. Ìgbà yẹn lẹ tó lè fi NOT NULL (òfin pé kò gbọdọ̀ ṣófo) sí i, kí áàpù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan láti ibi tuntun. Ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún oṣù kan kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́, kò gba àyè púpọ̀, oorun á sì dùn yín sùn.

ON DELETE CASCADE, òfin dátábéèsì tó ní tí ìlà kan bá ti lọ kí gbogbo ohun tó so mọ́ ọn bá a lọ, tó bá wà láàárín èèyàn àti iṣẹ́, ẹ yọ ọ́ lónìí. Lónìí yìí. Ẹni tó bá ń lọ, ẹ má pa ìlà ẹ̀ rẹ́ pátápátá, ẹ nu orúkọ àti ímeèlì ẹ̀ kúrò, ẹ fi "Ẹni tó ti kúrò" sí i, kí iṣẹ́ tó wà nínú yàrá lè dúró. Bọ́tìnnì tó dójú tì mí lọ́jọ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ohun tó máa sọ ni pé: "Iṣẹ́ 14 tí ò tíì parí wà lọ́wọ́ yín nínú yàrá yìí. Ta lẹ fẹ́ fà wọ́n lé lọ́wọ́?" Kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ láì dáhùn.

Ọ̀rọ̀ agbára inú yàrá, mẹ́rin ti tó: ẹni tó ni yàrá, alábòójútó, ọmọ ilé, àlejò. Yàrá kan ò gbọdọ̀ ṣófo láì ní ẹni tó ni ín, torí náà ẹni tó kẹ́yìn ò lè jáde àfi tó bá fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Àwọn kan á máa ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dá irú agbára tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn, ẹ sọ pé ẹ gbọ́, ẹ má tíì ṣe é.

Kí nǹkan yàrá kan má bọ́ sí òmíì ni ẹ̀rù tó yẹ kó máa bà yín jù. Tó bá jẹ́ dátábéèsì PostgreSQL lẹ ń lò, row-level security, òfin tó ń sọ ẹni tó lè rí ìlà kọ̀ọ̀kan, wà níbẹ̀ láti version 9.5 tó jáde ní 2016, dátábéèsì fúnra ẹ̀ ló máa ṣọ́nà, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gbàgbé kọ WHERE, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ìlà tẹ́ ẹ fẹ́, níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì kọ tẹ́ẹ̀sì: ẹ dá yàrá A àti B, ẹ wọlé bí ọmọ ilé A, ẹ máa béèrè gbogbo ohun tó wà ní B pẹ̀lú ID ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. 404, "kò sí irú ẹ̀ níbí", ló gbọ́dọ̀ jáde. Kì í ṣe 403, "ẹ ò láṣẹ", o, torí 403 ti jẹ́wọ́ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ibi tó sì máa ń jò jù kì í ṣe ojú ìwé tẹ́ ẹ ń wò lójoojúmọ́, ibi ìwákiri ni, CSV tí wọ́n ń gbà jáde, líǹkì fáìlì, àti ímeèlì tí áàpù ń fi ránṣẹ́ fúnra ẹ̀ lóru.

Ìgbésẹ̀ 3: Ohun àṣírí ṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣírí

Ẹni tó ti ń lo áàpù yín fún ọdún méjì láàyè ara ẹ̀ ti kọ nǹkan síbẹ̀ tí kò fẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ rí. "Wá iṣẹ́ míì" lè wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá wọ yàrá tíìmù, kò gbọdọ̀ sí ohun kan látijọ́ tó máa bá a wọlé àfi èyí tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ gbé. Ẹ jẹ́ kó ní yàrá tiẹ̀, kó sì ní ìjókòó ní ti tíìmù, ímeèlì kan náà, kó máa lọ kó máa bọ̀ láàárín méjèèjì. Ẹ fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ sí òkè ojú ìwé kó má baà ṣèèṣì.

Tó bá fẹ́ gbé nǹkan láti tiẹ̀ sí ti tíìmù, ẹ fún un ní gbólóhùn tó lójú: "Èèyàn 7 ló máa rí èyí, ẹ ò sì ní lè gbà á padà láì sọ fún wọn." Ẹ má kọ "Ṣé ó dá yín lójú?", kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn.

Mánéjà kan ní kí n bá òun fi ibi tóun á ti máa rí ìgbà tí ọmọọṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé gbẹ̀yìn sí i, ó fẹ́ sanwó ọdún kan lójú ẹsẹ̀. Mo rò ó gan-an, mi ò ní purọ́. Mo ní rárá. Èrò mi ni pé ọjọ́ táwọn tó ń lò ó bá ti rí i pé ojú tó ń ṣọ́ wọn ló di, wọ́n á gba ibòmíì lọ máa kọ iṣẹ́ wọn gan-an sí, wọ́n á wá máa kọ tojú ayé sínú tèmi. Ọkùnrin náà bínú lọ. Tíìmù ẹ̀ ṣì ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Tẹ́ni méjì bá fọwọ́ kan nǹkan kan náà

Nígbà tẹ́ ẹ dá wà, ẹni tó bá kọ kẹ́yìn ló borí, kò sì sí wàhálà, torí ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ kọ. Nínú tíìmù, ẹnì kan á tún ọjọ́ iṣẹ́ ṣe, ẹlòmíì á tún àkọlé ẹ̀ ṣe ní ìṣẹ́jú kan náà, tó bá jẹ́ odindi iṣẹ́ náà lẹ ń fi ránṣẹ́ sí sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé áàpù yín, ọ̀kan á gbé tèkejì mì, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ọjọ́ á fi kọjá.

Fún iṣẹ́ àti kókó kéékèèké, ẹ máa fi kìkì ohun tó yí padà ránṣẹ́. Ọjọ́ lọ́tọ̀, àkọlé lọ́tọ̀. Figma pàápàá tí gbogbo èèyàn ń yìn pé ẹni púpọ̀ ń ya àwòrán pa pọ̀ níbẹ̀, irú ẹ̀ ni wọ́n ń lò, ẹni tó bá kọ kẹ́yìn lórí ohun kọ̀ọ̀kan ló borí, sáfà sì ni adájọ́. Ọ̀rọ̀ gígùn tẹ́ni méjì ń tẹ̀ pa pọ̀ ló nílò ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ́n àtijọ́ ibẹ̀ ni operational transformation, tó ń tún àyípadà ẹnì kan ṣe kó lè bá ti ẹlòmíì mu, láti 1989, òun ni Google Docs ń lò. Èyí tó dé lẹ́yìn ni CRDT, ọ̀nà tó ń jẹ́ kí ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dara pọ̀ láìsí ìjà. Ẹ má fọwọ́ ara yín kọ ìkankan nínú méjèèjì, mo bẹ̀ yín, Yjs àti Automerge, kóòdù CRDT táwọn ẹlòmíì ti kọ, wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Tàbí kẹ́ ẹ má tiẹ̀ ṣe é rárá. Nọ́ńbà version lórí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tẹ́ni kan bá fẹ́ tọ́jú èyí tó ti gbó, ẹ sọ fún un pé "Ẹnì kan ti tún èyí ṣe ní ìṣẹ́jú 2 sẹ́yìn, ẹ wo tiẹ̀ ná." Ó gbé mi fún ọdún kan àtààbọ̀.

Nótífíkéṣọ̀n ńkọ́? Òun ló ń lé èèyàn jáde jù. Tí wọ́n bá dárúkọ mi tàbí wọ́n gbéṣẹ́ fún mi, ẹ sọ fún mi lójú ẹsẹ̀. Ìyókù, ẹ kó o jọ sínú ímeèlì kan láàárọ̀, tí kò bá sì sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà ẹ má fi ránṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn wọlé

Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Ẹni tí wọ́n pè tó tẹ líǹkì, tó bá ojú ìwé òfìfo pẹ̀lú "Ẹ káàbọ̀!", kò ní padà wá. Orí iṣẹ́ gan-an tí wọ́n torí ẹ̀ pè é ni kó já sí, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó lè dáhùn kó tó di pé ẹ ní kó dá páásíwọọ̀dù sílẹ̀. Ímeèlì tèmi tẹ́lẹ̀ sọ pé "Wọ́n ti pè yín síbi iṣẹ́ kan". Mo yí i padà sí orúkọ ẹni tó pè wọ́n àti àkọlé iṣẹ́ náà, ìyẹn nìkan, mo sì rí ìyàtọ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Líǹkì ìpè gbọ́dọ̀ kú lẹ́yìn ọjọ́ bíi 7, ẹ̀ẹ̀kan ni kó ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó bá ní ímeèlì iléeṣẹ́ kan máa wọ yàrá wọn láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn ló ni domain náà, ìyẹn ohun tó wà lẹ́yìn @, kẹ́ ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gmail.com àtàwọn tó jọ ọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé nìyẹn.

Ẹ má wọnú ìwé ímeèlì ẹnikẹ́ni lọ fi orúkọ ẹ̀ pe èèyàn lẹ́yìn ẹ̀. LinkedIn san 13 mílíọ̀nù dọ́là ní 2015 láti parí ẹjọ́ lórí ímeèlì ìrántí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórúkọ àwọn tó ń lò ó. Ti Dropbox yàtọ̀, ẹni tó pè àti ẹni tí wọ́n pè, àwọn méjèèjì ló ń gba àyè sí i, ìyẹn mọ́gbọ́n wá torí pé àyè náà ni wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Owó

Ẹni tó ń lò ó kọ́ ló ń sanwó mọ́. Ẹni tó ń lò ó ń bi ara ẹ̀ pé "ṣé ó yá mi lọ́wọ́?", ẹni tó ń sanwó ń béèrè pé "tí lágbájá bá lọ, ṣé iṣẹ́ wa ṣì wà?" Torí náà, ohun tẹ́ ẹ máa tà fún tíìmù ni ohun tó jẹ mọ́ yàrá: àkóso, ìtàn ohun tó ti kọjá, ẹni tó lè rí kí ni. Ohun tẹ́nì kan ń fi ṣiṣẹ́ ara ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ní May 2020, Notion, áàpù àkọsílẹ̀, yọ òté tó wà lórí ohun tẹ́ni tó ń dá lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lè kọ síbẹ̀, mo sì rò pé ọgbọ́n ni, ẹni tó ń lò ó nílé ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Kẹ́ ẹ sì rántí pé àwọn kan ti ń sanwó fún yín tẹ́lẹ̀ fún ti ara wọn. Ẹ má fọwọ́ kan iye wọn. Ìlérí ni.

Iye orí ìjókòó ni ọ̀pọ̀ ń lò, ó rọrùn láti yé ẹni tó ń ṣírò owó. Ẹ jẹ́ ká ní 10 ni ìjókòó kan lóṣù. Tíìmù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn 5, ó di 50. Ẹnì kan wọlé nígbà tó ku ọjọ́ 15 nínú 30, 5 ni tiẹ̀ lóṣù yẹn, ẹ kó o pọ̀ mọ́ ti oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á rí 65: 60 fún èèyàn mẹ́fà, 5 fún ààbọ̀ oṣù tó kọjá. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé owó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ní ìlà méjì, torí 65 láìsí àlàyé máa fún yín ní ímeèlì mẹ́wàá. Àlejò tó kàn ń wò ó, ẹ má gbowó ẹ̀. Ẹni tí kò sì ṣí i fún oṣù kan ńkọ́? Slack bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó irú wọn padà fáwọn tó ń sanwó, mo ṣe bẹ́ẹ̀ náà, owó tó lọ kéré, ọkàn àwọn tó ń sanwó balẹ̀ láti pe èèyàn sí i.

Ibi tí ọ̀fẹ́ á parí sí nira. Slack ti gbìyànjú méjì, ó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ 10,000 tó kẹ́yìn lẹ lè rí lọ́fẹ̀ẹ́, ní 2022 wọ́n sọ ọ́ di 90 ọjọ́. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má fi iye èèyàn sé wọn ní kékeré, torí ẹni tó kù síta gan-an ni ì bá sọ ọ́ di ohun tí wọn ò lè ṣe láìsí. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìtàn tó mọ níwọ̀n dáa ju èèyàn méjì pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ lọ.

Ohun tí mò ń kà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni iye yàrá tẹ́ni mẹ́ta ó kéré tán ti ṣe nǹkan níbẹ̀. Iye àkáǹtì tuntun ń múnú èèyàn dùn lásán ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin dé

Níjọ́ kan ìwé ìbéèrè máa wọlé látọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ò rí rí, ẹni tó ń bójú tó ààbò dátà níléeṣẹ́ oníbàárà yín, ìlà bíi ọgọ́rùn-ún, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ń ti dátà mọ́lé, ta ló lè wọ sáfà yín, kí lẹ máa ṣe tí wọ́n bá jà yín lólè. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ kọ ìdáhùn yín sí ibì kan torí ìbéèrè kan náà ni wọ́n á máa bi yín láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Ẹ má purọ́ níbẹ̀ ṣá. "A ò tíì ní i, oṣù lágbájá la máa ṣe é" ti gbé iṣẹ́ wá fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n á ní káwọn òṣìṣẹ́ máa gba ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ wọn wọlé, SAML nìyẹn, 2.0 ẹ̀ tó jáde ní 2005 ni gbogbo wọn ṣì ń lò. Wọ́n á tún béèrè SCIM, kí ẹni tí wọ́n lé lọ láàárọ̀ lè ti jáde nínú áàpù yín kó tó dé ilé. Èyí ṣe pàtàkì ju SAML lọ lójú mi, torí ìbéèrè wa àkọ́kọ́ náà ni, ìjókòó di òfìfo, ohun inú yàrá dúró. Lẹ́yìn náà ìwé ìtọpa, ta ló ṣe kí ni, nígbà wo. Tí wọ́n bá wà ní Yúróòpù, GDPR, òfin wọn lórí dátà ara ẹni, ti ń ṣiṣẹ́ láti 25 May 2018, wọ́n á ní kẹ́ ẹ buwọ́ lùwé àdéhùn lórí dátà wọn.

SOC 2, àyẹ̀wò táwọn ará ìta máa ń ṣe lórí bẹ́ ẹ ṣe ń dáàbò bo dátà, ẹ má sá wọnú ẹ̀. Type 1 ń wo bẹ́ ẹ ṣe tò ó ní ọjọ́ kan, Type 2 ń wo bóyá ẹ ń ṣe é fún oṣù mélòó kan léraléra, owó ńlá ni, àkókò ni. Ó dìgbà tí oníbàárà kan bá fi ìwé àdéhùn sórí tábìlì tó ní òun á buwọ́ lù ú tẹ́ ẹ bá ti gbà á. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ máa dán backup yín wò lóṣooṣù, ẹ dá a padà sórí sáfà òfìfo kẹ́ ẹ rí i pé ó ṣí. Ẹ ti mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Àwọn ńlá, àti ọ̀nà àbájáde

Ẹni tó tóbi jù yín lọ máa ṣe irú ẹ̀, á sì fi ṣe ẹ̀bùn kún ohun tí wọ́n ti ń rà tẹ́lẹ̀. Microsoft gbé Teams, áàpù ìtàkùrọ̀sọ tiẹ̀, sínú Office 365 ní 2017, Slack tí ẹ rí yẹn kó ẹjọ́ ẹ̀ lọ bá àwọn aláṣẹ Yúróòpù ní 2020. Ẹ ò lè fi iye nǹkan tí áàpù ń ṣe bá wọn jà, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ mọ irú tíìmù kan dáadáa ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn mọ́kànlá tí mo rí níbẹ̀rẹ̀ yẹn, márùn-ún nínú wọn ló ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ibẹ̀ ni mo dúró sí, mo yí orúkọ gbogbo bọ́tìnnì sí bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Àwọn oníbàárà mọ̀ pé wọ́n lè ra ẹ̀yin náà kí wọ́n sì tì yín pa. Microsoft ra Wunderlist, áàpù tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí, ní 2015, ó tì í ní May 2020. Torí náà wọ́n á bi yín bí àwọn ṣe máa jáde. Ẹ kọ́ ibi tí ẹni tó ni yàrá ti lè kó gbogbo ẹ̀ jáde fúnra ẹ̀ láì kọ̀wé sí yín: iṣẹ́, ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀, fáìlì pẹ̀lú orúkọ wọn gan-an, ẹni tó dá a àti ẹni tó ń ṣe é. Tó bá ní kẹ́ ẹ pa yàrá rẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ fi ohun inú ẹ̀ pamọ́ fún 30 ọjọ́, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó nípò alábòójútó níbẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní àti lọ́jọ́ 23. Obìnrin tó kọ̀wé sí mi ní Mọ́ńdè yẹn ló ní kí n fi ti ọjọ́ 23 kún un.